Ẹni Tó Bá Tan Ẹ̀rọ, Kó Jókòó Tì Í

Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni wọ́n ti bá obìnrin náà. Bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti bọ́ sí òkè lọ́hùn-ún, ìkejì ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, aago kan ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọkọ rẹ̀ ló sì figbe ta. Kí ọlọ́pàá tó dé, àwọn aládùúgbò ti dá ẹjọ́ tán. Wọ́n gbọ́ bí tọkọtaya náà ṣe ń pariwo mọ́ra wọn láàárọ̀, wọ́n sì rí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ. Kí lèèyàn tún ń wá?

Inspẹ́kítọ̀ tí wọ́n rán wá jẹ́ obìnrin tó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Ẹjọ́-Ò-Tán ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn ní àgọ́ ọlọ́pàá, torí pé bí gbogbo èèyàn bá ti pa fáìlì dé, òun ló máa tún un ṣí. Ó mọ̀ pé wọ́n ń pe òun bẹ́ẹ̀. Kò dùn ún, kò sì pa á lẹ́rìn-ín. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni ọkọ tirẹ̀ kú ní ọsibítù. Ibi iṣẹ́ ló wà nígbà tí wọ́n pè é. Láti ọjọ́ náà ni inú rẹ̀ ti kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń dé ibi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo wọn, àmọ́ bí ọbẹ̀ bá ní iyọ̀ o, bí kò sì ní o, kò mọ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú náà. Àpá iná àtijọ́ kan wà lápá ọ̀tún rẹ̀, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá.

"Wọ́n tì í ni," dókítà sọ. "Ẹ wo èjìká rẹ̀ méjèèjì, ojú ọwọ́ nìyẹn. Iwájú rẹ̀ lẹni náà dúró sí."

"Ìgbà wo?"

"Kò tó wákàtí kan kí wọ́n tó rí i."

Sájẹ́ǹtì tó bá a wá, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ti tú fóònù olóògbé wò. "Màmá, olùkọ́ ọmọ rẹ̀ ló bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n parí. Ó ṣì wà láàyè nígbà yẹn."

Ọmọ tí wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dé láti ilé ìwé. Ọmọ ọdún méje ni, ó jókòó sí pálọ̀ aládùúgbò ìsàlẹ̀ pẹ̀lú báàgì ìwé lẹ́yìn rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ báàgì náà.

"Ṣé bàbá mi ń bọ̀ wá mú mi?" ó bi Inspẹ́kítọ̀.

"Mi ò tíì mọ̀."

Ẹlòmíì ì bá purọ́ fún ọmọ náà kó lè dákẹ́. Inspẹ́kítọ̀ kò ní agbára irọ́ mọ́.

Ní àgọ́, ọ̀gá àgbà kò fọ̀rọ̀ falẹ̀. "Ọkọ ni. Lọ́la ní aago mẹ́rin, ẹ gbé e lọ síwájú adájọ́. Ọmọ náà ńkọ́?"

"Àbúrò ìyá rẹ̀ kan ló kù fún un," Sájẹ́ǹtì dáhùn. "Ó ní lọ́la náà ni òun máa wá mú un, tí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ pa fáìlì náà dé."

Inspẹ́kítọ̀ mú fáìlì náà, ó sì fi há abíyá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bẹ ọkọ olóògbé wò nínú àtìmọ́lé. Tíṣà ni iṣẹ́ ọkùnrin náà. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti fọ̀ nígbà mẹ́ta.

"Orí rẹ̀ ni mo gbé sókè," ó ní. "Mo rò pé ó ṣì ń mí."

"Níbo lẹ wà láti aago méjìlá?"

"Mò ń rìn kiri. Mi ò ní kíláàsì ní ọ̀sán, ìjà àárọ̀ sì wà lọ́kàn mi. Mi ò pàdé ẹni tó mọ̀ mí."

"Kí lẹ jà sí?"

Tíṣà mí kanlẹ̀. "Fóònù ìyá wọn. Ìyá ìyàwó mi kú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà, Jẹ́jẹ́, àbúrò ìyàwó mi, ló yẹ kó wà lọ́dọ̀ màmá. Ó sọ fún gbogbo wa pé òun jókòó tì wọ́n títí ẹ̀mí fi bọ́ lára wọn. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìyàwó mi ṣáàjì fóònù màmá, torí àwọn fọ́tò inú rẹ̀. Ó bá ìpè mẹ́tàdínlógún níbẹ̀, láti aago méjì ọ̀sán dé aago márùn-ún. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè. Kò gbé ẹyọ kan."

"Ta lẹ tún sọ fún?"

"Ìyàwó mi ti sọ fún Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ní òun máa gbé fóònù náà síwájú gbogbo mọ̀lẹ́bí tí wọ́n bá péjọ lọ́jọ́ Sátidé fún ìrántí màmá. Èmi ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, pé òkú ti sùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tí mò ń bẹ̀ ẹ́ sí nìyẹn, òun làwọn aládùúgbò gbọ́."

"Níbo ni fóònù náà wà?"

"Nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀."

Sájẹ́ǹtì ti tú dúrọ́ọ̀ náà. Òwú, abẹ́rẹ́ àti ìwé ọmọ ló wà níbẹ̀. Kò sí fóònù.

Àǹtí Àwòrán ni gbogbo àdúgbò ń pe olóògbé. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fín fọ́tò èèyàn sára àkírílíìkì, ike tó mọ́ gaara bíi dígí. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà òun àti ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù náà mọ́, ó sì ń rùn bí ike tó jóná. Ẹ̀rọ lésà, tó tóbi tó tábìlì ìjẹun, gba àárín gbùngbùn. Lára ògiri, àwọn ojú funfun ń wo ẹni tó bá wọlé: ìyàwó, ọmọ tuntun, bàbá arúgbó, ajá kan.

Jẹ́jẹ́ jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Ó máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹnì kan ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ṣàlàyé iṣẹ́ yín fún mi," Inspẹ́kítọ̀ ní.

"Iná lésà ló ń fín in, mà. Á máa lọ, á máa bọ̀, ìlà kan lẹ́yìn èkejì, títí àwòrán á fi jáde. Ibi tí iná bá kàn á di funfun. Bí agbára iná bá pọ̀ jù, ike á yọ́. Bó bá kéré jù, ẹ ò ní rí nǹkan kan."

"Ta ló ń yan bó ṣe máa pọ̀ tó?"

"Àǹtí mi ló yàn án. Wọ́n fín ọ̀pọ̀lọpọ̀ dánwò kí wọ́n tó kọ ọ́ síbẹ̀ yẹn." Ó nawọ́ sí ògiri.

Ìwé kan ló lẹ̀ mọ́ ògiri náà, pẹ̀lú ìkọ̀wé ńlá ńlá. *Ojú èèyàn: ìlà mẹ́wàá nínú mìlímítà kan. Orúkọ àti àmì: ìlà márùn-ún. Ẹni tó bá tan ẹ̀rọ, kó jókòó tì í.*

"Ìlà kẹta yẹn ńkọ́?"

Jẹ́jẹ́ wo ilẹ̀. "Ike yìí máa ń gbiná nígbà míì. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo tan ẹ̀rọ, mo jáde lọ ra omi. Ó gbiná. Ọwọ́ ni Àǹtí mi fi pa á. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi í sílẹ̀ rí."

Inspẹ́kítọ̀ rántí àpá tó rí lápá òkú náà. Ó gba ohun tó sọ gbọ́.

"Lánàá, níbo lo wà?"

"Ibí, mà. Fọ́tò màmá wa ni mò ń fín, tí wọ́n fẹ́ gbé kalẹ̀ ní Sátidé. Aago mọ́kànlá ni mo tan án, ó parí ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ojú èèyàn máa ń gbà ní ìwọ̀n yẹn. Mo jókòó tì í ni. Ẹ bi télọ̀." Ó gbé ojú sókè. "Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ọkọ Àǹtí mi láìdáa. Àmọ́ wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a."

"Òótọ́ ni," Inspẹ́kítọ̀ dáhùn. "Jẹ́ kí n rí fọ́tò náà."

Ó gbé e wá. Àkírílíìkì náà gùn ní ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, obìnrin arúgbó kan sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú rẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ gbé e síwájú fèrèsé, ó sì fi wé bàbá arúgbó ara ògiri. Ojú bàbá náà ń dán bí awọ ara. Ojú ìyá yìí rí ṣágiṣàgi, bíi pé èèyàn ń yọjú wò ó láti ẹ̀yìn àwọ̀n fèrèsé.

"Kí ló ṣe é?"

"Fọ́tò náà ló ti gbó, mà."

"Màá mú un dání. Màá dá a padà."

Télọ̀ jẹ́ bàbá arúgbó tí awò ojú rẹ̀ sún wá sí orí imú. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn kò sì dí i lọ́wọ́ ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀rọ wọn ò dákẹ́ láti aago mọ́kànlá dé aago kan," ó ní. "Ìró rẹ̀ wọ ògiri yìí bíi pé inú mi ló wà."

"Ìró kí ni, bàbá? Lésà náà, àbí fáànù tó ń fa èéfín?"

Télọ̀ yọ abẹ́rẹ́ náà lẹ́nu. "Fáànù ni. Lésà ò ní ìró kan lọ títí. Fáànù yẹn ló ń kùn."

"Ṣé bọ́tìnnì kan náà ni wọ́n fi ń tan méjèèjì?"

"Rárá o. Fáànù ní tirẹ̀ lára ògiri."

"Òórùn ike náà ńkọ́?"

Bàbá náà ronú. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bi mí. Mi ò lè jẹun tí wọ́n bá ń fín nǹkan, ó máa ń rìn mí nínú. Lánàá, mo jẹun ọ̀sán. Aago méjìlá ààbọ̀ ni mo máa ń jẹ ẹ́. Kò sí òórùn kankan."

"Ṣé ẹ rí Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀?"

"Ó pè mí ní aago mọ́kànlá pé kí n wá wo bí òun ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó tún pè mí ní aago kan kọjá pé kí n wá wo bó ṣe parí." Ó dá awò rẹ̀ padà sójú. "Láti ọdún mẹ́fà tí mo ti wà níbí, kò pè mí wo nǹkan kan rí. Lánàá nìkan, ẹ̀ẹ̀mejì. Mo rò pé ọ̀fọ̀ màmá rẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, mo sì ti ń sọ fún un tipẹ́ pé kó máa bá èèyàn sọ̀rọ̀."

"Ṣé wọ́n ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn?"

"Gbogbo wa la ní in."

Ní àgọ́, Inspẹ́kítọ̀ fi bébà dúdú sẹ́yìn àkírílíìkì náà, ó gbé rúlà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá arúgbó, ó sì fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Ó ka ìlà inú sẹ̀ǹtímítà kan. Ó tún un kà. Sájẹ́ǹtì ń bá a kà, ó ń ṣìnà, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà kẹta, àwọn méjèèjì bá iye kan náà.

"Màmá, kí ni àádọ́ta túmọ̀ sí?"

"Pe Jẹ́jẹ́. Sọ fún un pé a ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Sọ fún un pé kó tọ́jú àkírílíìkì tuntun kan tó tóbi bíi tàná."

Aago kan ààbọ̀ ni wọ́n dé ibẹ̀. Ó ku wákàtí méjì ààbọ̀ kí wọ́n tó gbé Tíṣà lọ.

"Ṣe é bó o ṣe ṣe é lánàá," Inspẹ́kítọ̀ ní. "Má yọ ohunkóhun kúrò, má sì fi ohunkóhun kún un."

Jẹ́jẹ́ wò ó, ó wo ìwé ara ògiri. Ó tẹ́ àkírílíìkì náà sílẹ̀, ó wọn gíga iná, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ rẹ̀ yára. Nígbà tó kan iye ìlà, ó dúró díẹ̀, ó sì tẹ mẹ́wàá. Ó tan fáànù, ó tan lésà. Iná kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́tùn-ún, sósì, irun ìyá arúgbó sì ń jáde.

Inspẹ́kítọ̀ bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lórí ẹ̀rọ náà. Sájẹ́ǹtì ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde lọ tú ẹ̀yìnkùlé wò. Nígbà tí iná náà fín sẹ̀ǹtímítà kan tán, ó mú aago rẹ̀.

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ogún ìṣẹ́jú àáyá," ó ní. "Ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ni gbogbo rẹ̀. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá nìyẹn, bó o ṣe wí gẹ́lẹ́. O ò parọ́ nípa ẹ̀rọ."

"Mo sọ fún yín, mà."

"Àmọ́ kì í ṣe èyí lo fín lánàá." Ó gbé àkírílíìkì àkọ́kọ́ síwájú rẹ̀. "Ìlà ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó wà nínú sẹ̀ǹtímítà kan níbí. Àádọ́ta ni mo kà. Ìwọ̀n orúkọ àti àmì lo fi fín ojú ìyá rẹ. Ìlà tó dín sí ìdajì, àkókò rẹ̀ náà á dín sí ìdajì. O tan án ní aago mọ́kànlá, ó parí ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. O fi fáànù sílẹ̀ kó máa kùn létí télọ̀, o gba ẹ̀yìn jáde. Sájẹ́ǹtì ti rìn ín ká tó wọlé síbí, ìṣẹ́jú mẹ́fà ni títí dé ilé Àǹtí rẹ. O ní àkókò láti lọ, láti bọ̀, àti láti tún jókòó kó o tó pe télọ̀."

Iná náà ń lọ, ó ń bọ̀.

"Màá sọ ohun tó yà mí lẹ́nu fún ọ," Inspẹ́kítọ̀ tẹ̀ síwájú, bí ẹni ń ka lẹ́tà ẹlòmíì. "Ká ní o tẹ mẹ́wàá lánàá, kó o fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa fín lọ, kó o sì jáde, àkókò rẹ̀ á pé, ojú ìyá rẹ á dán, èmi ì bá sì gbé ọkọ Àǹtí rẹ lọ síwájú adájọ́. O ò lè ṣe é. O ò lè fi ẹ̀rọ tó ń jó sílẹ̀. Ìyẹn lo ṣe wá èyí tó máa tètè tán, kó o lè jókòó tì í kó o tó jáde."

Sájẹ́ǹtì wọlé láti ẹ̀yìn. Fóònù ìyá arúgbó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, nínú ọ̀rá. "Abẹ́ àpótí àjẹkù ike ló wà, Màmá."

Èjìká Jẹ́jẹ́ wálẹ̀.

"Inú ọkọ̀ tó wà níwájú ilé ni mo wà," ó ní. "Lọ́jọ́ tí màmá kú. Mi ò lè wò wọ́n mọ́. Bí wọ́n ṣe ń mí yẹn, mi ò lè wò ó. Mo jáde pé kí n gba atẹ́gùn díẹ̀. Fóònù ń dún, mò ń gbọ́ ọ. Mò ń sọ fún ara mi pé tó bá tún dún lẹ́ẹ̀kan sí i, màá wọlé. Nígbà tó yá, kò dún mọ́." Ó nu ojú rẹ̀, kò sì sí omi níbẹ̀. "Àǹtí ní àwọn máa gbé e síwájú gbogbo èèyàn. Mo kàn lọ bẹ̀ wọ́n ni. Inú ló bí mi, mo tì wọ́n. Mi ò gbèrò rẹ̀."

"Ẹni tí inú bí lójijì kì í ti aago mọ́kànlá yan ìlà márùn-ún," Inspẹ́kítọ̀ dáhùn. "Kì í sì í pe télọ̀ wá jẹ́rìí. Ìdí ẹ̀rọ yìí lo ti pa á, Jẹ́jẹ́. Orí àtẹ̀gùn lo wulẹ̀ parí rẹ̀ sí."

Inspẹ́kítọ̀ pe àgọ́, ó ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún Tíṣà. Ọ̀gá àgbà bínú, ó béèrè ìbéèrè mẹ́rin, ó sì gbà. Sájẹ́ǹtì yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," Jẹ́jẹ́ ní. "Ó ṣì ń jó."

Sájẹ́ǹtì ti nawọ́ sí bọ́tìnnì láti pa á. Inspẹ́kítọ̀ mi orí. "Fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ kí adájọ́ rí méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn." Òótọ́ ni ìdí yẹn, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan. Ó fa àga kan wá sí ọwọ́ òsì, ó tọ́ka èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún sí Jẹ́jẹ́. "Ìwọ lo tan án. Jókòó tì í."

Ó jókòó tì í. Fún wákàtí méjì, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ lọ́wọ́, ó wo iná náà bó ṣe ń fa irun jáde, iwájú orí, ojú méjèèjì, imú, ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò mójú kúrò. Inspẹ́kítọ̀ náà ń wò ó. Ó ń ro yàrá kan ní ọsibítù tí òun kò sí níbẹ̀, ó ń retí pé kó dun òun. Kò tíì dùn ún. Nígbà tí iná náà dúró, Jẹ́jẹ́ nawọ́ méjèèjì pọ̀, ó pa fáànù. Ibẹ̀ dákẹ́ débi pé wọ́n gbọ́ télọ̀ tó ń wúkọ́.

"Èyí dáa," Jẹ́jẹ́ sọ, ó sì dìde fún Sájẹ́ǹtì.

Aago mẹ́rin ń lù lọ nígbà tí Inspẹ́kítọ̀ dé ilé aládùúgbò ìsàlẹ̀. Ọmọ náà ti bọ́ báàgì rẹ̀, ó gbé e lé ẹsẹ̀.

"Ṣé bàbá mi ń bọ̀?"

"Ó ń bọ̀. Ó ń buwọ́ lùwé ni."

"Ṣé ẹ máa lọ kí wọ́n tó dé ni?"

"Rárá. Màá jókòó tì ẹ́."

Ó jókòó. Aládùúgbò gbé tíì wá fún un, ó gbà á, ó sì mu ún bó ṣe ń mu gbogbo nǹkan láti oṣù márùn-ún. Ó dúró. Ó wo inú ife náà. Ṣúgà rẹ̀ ti pọ̀ jù.